John Baker àti Tábìlì Irin Tó Gba Ẹ̀mí Là

Ọdún 1901 ni wọ́n bí John Fleetwood Baker ní Liscard, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọmọ ogun. Kò gbé ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni kò wa ọkọ̀ òfurufú lọ sójú ìjà. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni láti mọ ohun tó ń mú ilé dúró àti ohun tó ń mú ilé wó. Ṣùgbọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sórí àwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì lóru, ìmọ̀ rẹ̀ yìí ni ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ikú nínú ilé ara wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga Cambridge ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí ó jáde, ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá ayé ìgbà náà, irú èyí tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kún inú rẹ̀ kí ó lè léfòó bí àwọsánmà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní egungun irin nínú. Bí egungun náà bá wúwo jù, ọkọ̀ kò ní gbéra. Bí ó bá sì tín-ínrín jù, yóò ṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ bí agbára irin ti tó gan-an, kò gbọdọ̀ máa fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1930, Baker dara pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti ṣèwádìí nípa àwọn ilé onírin. Ilé onírin tí ibí yìí ń sọ kì í ṣe ilé tí wọ́n fi páànù kàn. Ilé gíga ni, tí wọ́n fi òpó irin àti ìtì irin so pọ̀ bí egungun ara ènìyàn, kí wọ́n tó wá fi bíríkì dí àárín rẹ̀. Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jókòó ti ìwé nìkan. Wọ́n lọ sínú àwọn ilé ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, hótẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ Cumberland wà lára wọn, wọ́n sì so ohun ìdíwọ̀n mọ́ irin ilé náà. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Ìṣirò tí àwọn tó ń ya àwòrán ilé ń ṣe kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin mu. Níbi tí ìṣirò sọ pé ẹrù wọ irin lọ́rùn, irin lè máa sinmi níbẹ̀. Níbi tí ìṣirò kò ka nǹkan kan sí, ibẹ̀ ni irin ti lè máa jìyà. Síbẹ̀ àwọn ilé náà dúró digbí.

Bí ìṣirò bá jìnnà sí òtítọ́ tó báyìí, kí ló wá ń gbé ilé ró? Ìbéèrè yìí kò fi Baker lọ́rùn sílẹ̀. Ní ọdún 1933 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Bristol. Láti ọdún 1936 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kọ́ àwọn férémù níbẹ̀, ó ń di ẹrù lé wọn, ó sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi wó. Àwọn mìíràn a máa dá iṣẹ́ dúró nígbà tí irin bá ti fẹ́ tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti Baker ti ń dùn.

Ohun èlò inú ilé lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Bí ìkòkò amọ̀ bá já bọ́ lórí òkúta, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí abọ́ irin bá já bọ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ yóò tẹ̀ wọnú, ṣùgbọ́n abọ́ ni yóò ṣì jẹ́. Ìkòkò kò lè gba ìkọlù náà sára. Abọ́ irin gbà á, ara rẹ̀ tó tẹ̀ sì ni ẹ̀rí pé ó gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tí wọ́n fi ń kọ́lé. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, kì í ṣẹ́ lójijì. Yóò tẹ̀, bí ó sì ti ń tẹ̀ ni ó ń pa agbára ohun tó kọlù ú. Àwọn tó ń kọ́lé ti ń lo irin láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìwà rẹ̀ yìí ṣírò. Ojú ìjákulẹ̀ ni wọ́n fi ń wo irin tó bá ti tẹ̀. Baker rí i pé ìwà náà gan-an ni ó ń kó àwọn ilé yọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ìjọba ní ẹ̀ka kan tí ń mójú tó ààbò àwọn ará ìlú lọ́wọ́ bọ́ǹbù. Baker di olùdámọ̀ràn níbẹ̀.

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti ń pín ohun ìsádi kan tí wọ́n fi orúkọ mínísítà John Anderson pè. Páànù irin nípọn ni. Onílé yóò gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn ju mítà kan lọ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, yóò to páànù náà sínú rẹ̀, yóò sì wa erùpẹ̀ bo orí rẹ̀. Ohun ìsádi yìí lágbára. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé kò lè rí i lò, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tálákà inú ìlú kò ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà òtútù, omi a máa sun sínú rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ tó gbé ọmọ jòjòló lọ síbẹ̀ lóru kan kì í fẹ́ padà lọ lóru kejì.

Fún àwọn tí kò ní ilẹ̀, ìjọba kọ́ ilé ìsádi sí ojú títì. Ògiri rẹ̀ jẹ́ bíríkì, orí rẹ̀ sì jẹ́ kọnkéré, ìyẹn àpòpọ̀ símẹ́ǹtì, iyanrìn àti òkúta. Ó dà bí ohun tó le, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà nínú líle rẹ̀. Símẹ́ǹtì wọ́n nígbà náà, ìlànà tí ìjọba fi ránṣẹ́ ní ọdún 1940 kò sì yé àwọn kan tó ń kọ́lé. Ẹfun àti iyanrìn nìkan ni wọ́n fi mọ ògiri àwọn ilé ìsádi kan. Nígbà tí bọ́ǹbù bá bú nítòsí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò ti ògiri, orí kọnkéré yóò sì já lu àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ibi tí wọ́n kọ́ fún ìsádi wọn.

Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 ni ìkọlù ńlá bẹ̀rẹ̀ sórí Lọ́ńdọ̀nù. Òru 57 ni wọ́n fi kọlu ìlú náà léraléra. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 1941, ó lé ní 40,000 ará ìlú tó ti kú káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba ṣèwádìí ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, ó hàn pé ju ìdajì àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lọ ni kò lọ sí ibi ìsádi kankan lóru. Inú ilé ni wọ́n ń sùn, àwọn mìíràn lábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn mìíràn lábẹ́ tábìlì onígi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bọ́ǹbù fúnra rẹ̀ ni ó ń pa gbogbo àwọn tó kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ilé tí bọ́ǹbù bọ́ sí lórí gan-an kò pọ̀ tó àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Ní ilé Gẹ̀ẹ́sì, ògiri bíríkì ni ó ń gbé àjà òkè. Bí bọ́ǹbù bá bú ládùúgbò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbé ògiri lọ, àjà òkè kò ní ohun tí yóò fẹ̀yìn tì mọ́, gbogbo ẹrù rẹ̀ yóò sì wó lu àwọn tó sùn sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé tó ní egungun irin, afẹ́fẹ́ lè gbọn ògiri dànù kí egungun náà sì dúró. Irin á tẹ̀ díẹ̀, àjà á sì wà ní ipò rẹ̀. Ohun tí Baker ti ń fi férémù wádìí ní Bristol ni ogun ń fi ilé gidi hàn án.

Ta ni yóò wá rí owó àti irin láti tún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ilé bíríkì kọ́ lójú ogun? Kò ṣeé ṣe. Baker yí ọ̀rọ̀ náà po. Bí egungun irin kò bá lè wọ inú gbogbo ilé, egungun kékeré kan lè wọ inú yàrá kan. Kò ní gba ilé là. Ilé lè wó bó bá fẹ́, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sáà yè.

Ohun tó fẹ́ ṣe gba ìgboyà. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kó ṣe ohun ìsádi, ohun líle tí kò ní mì rárá ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Irú ohun bẹ́ẹ̀ yóò jẹ irin púpọ̀, irin sì wọ́n lójú ogun. Baker mọ̀ pé tábìlì òun kò nílò kó dúró láìmì. Ó ṣírò agbára àjà òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nígbà tó bá já bọ́, ó sì ṣe é kí irin tábìlì náà lè gbé agbára yẹn mì nípa títẹ̀. Ó gbà kó tẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí pé àyè yóò ṣì kù fún ẹni tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Tábìlì náà gùn tó mítà méjì, ó fẹ̀ tó mítà kan àti díẹ̀, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta ni orí rẹ̀. Àwọ̀n irin ni wọ́n fi yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, kí bíríkì má bàa ta wọlé, ó sì ṣeé yọ. Ibùsùn wà nínú rẹ̀ fún bàbá, ìyá àti ọmọ kékeré méjì. Ní ọ̀sán, ẹbí lè tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀ kí wọ́n jẹun. Wọn kì í gbé e wá ní títò. Inú àpótí ni ó ń bá dé, ó lé ní 350 ègé, pẹ̀lú bóòtù àti irinṣẹ́ tí wọn yóò fi dè é, onílé yóò sì tò ó fúnra rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 1941 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ẹbí tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò tó 350 pọ́n-ùn gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó rí já jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ san nǹkan bí pọ́n-ùn méje. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lé ní 500,000 tó ti dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ìkọlù ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1940 ti ń rọlẹ̀ nígbà yẹn, ó ti pẹ́ jù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ogun kò tíì tán. Ní ọdún 1944, àwọn ará Jámánì tún ń fi àdó olóró tó ń fò láìsí awakọ̀ kọlu Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ẹbí sì tún wọ abẹ́ tábìlì wọn.

Orúkọ Herbert Morrison, mínísítà tó wà lórí oyè, ni wọ́n fi pè é. Ẹni tó jókòó sórí àga ni orúkọ lọ bá, kì í ṣe ẹni tó jókòó ti ìṣirò.

Wọ́n yẹ ilé 44 wò tí bọ́ǹbù ti bàjẹ́ gan-an, tí irú tábìlì yìí sì wà nínú wọn. Ènìyàn 136 ló wà lábẹ́ àwọn tábìlì náà. Mẹ́ta nínú wọn kú, ilé tí wọ́n wà sì ni bọ́ǹbù bọ́ sí lórí gan-an. Àwọn 13 fara pa púpọ̀, díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó gbé tábìlì sí ibi tí kò yẹ nínú ilé. Àwọn 16 fara pa díẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù jáde láti abẹ́ àlàpà láìfara pa.

Ní ọdún 1943, Baker lọ sí Cambridge, ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 25. Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ni ó ń bá lọ. Ní ọdún 1948, ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí àwọn tó ń kọ́lé onírin fi títẹ̀ irin ṣe ìṣirò wọn. Ìjọba fi oyè dá a lọ́lá ní 1961, wọ́n sì tún sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ilé aṣòfin àgbà ní 1977. Àwọn tábìlì irin náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ogun. Àwọn kan lára wọn di tábìlì iṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé, wọ́n ta àwọn mìíràn fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Ọdún 1985 ni John Baker kú, lẹ́ni ọdún 84. Ilé kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Cambridge ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.