Thomas Birch Freeman: Alábòójútó tó mọ iyì ohun tó bá nílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjọ tí àwa Yorùbá ní lẹ́yìn odi, inú pálọ̀ ẹnì kan ló ti bẹ̀rẹ̀, kí olùṣọ́-àgùntàn tó dé. Tí alábòójútó bá wá dé, ọwọ́ tó bá fi mú ohun tó bá nílẹ̀ ló ń sọ bóyá ìjọ náà yóò dúró tàbí yóò tú ká. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí á rántí Thomas Birch Freeman lónìí.

Ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Twyford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe kí ó tó di míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì. Ní oṣù kìíní ọdún 1838, òun àti ìyàwó rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà báyìí. Kò pé oṣù méjì tí ìyàwó náà kú. Èyí tó fẹ́ ní 1840 náà kú ní 1841. Síbẹ̀, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Freeman kò bá ilẹ̀ lófìfo. Láti 1831 ni àwọn ọ̀dọ́ Fanti kan ní Cape Coast ti ń kóra jọ ka Bíbélì fúnra wọn. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ fún Bíbélì ló jẹ́ kí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán Joseph Dunwell sí wọn, tí òun náà kú ní 1835. Freeman kò tú ẹgbẹ́ wọn ká. Kò gbọ́ èdè ibẹ̀ dáadáa, ògbufọ̀ ló ń lò, nítorí náà ó fa iṣẹ́ lé àwọn ọmọ ilẹ̀ lọ́wọ́. William de Graft wà lára wọn.

Ìyẹn kò ta ko àṣà Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1742, ní Bristol, John Wesley ti pín àwọn ènìyàn rẹ̀ sí kíláàsì kéékèèké, ó sì fi ọmọ ìjọ lásán ṣe olórí wọn.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilẹ̀ wa. Àwọn Sàró tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú ti ń padà bọ̀ sí Àgbádárìgì. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ̀wé ní 1841 pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1842, Freeman àti de Graft dé. Ọparun ni wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn. Ní oṣù kejìlá, Freeman dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó padà, ó bá Henry Townsend ti CMS ní Àgbádárìgì, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843, ó gba ọ̀nà Dàhómì lọ bá Ọba Gezo. Ta ló fi iṣẹ́ Àgbádárìgì lé lọ́wọ́? De Graft ni, ọmọ adúláwọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Freeman ń kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ ju agbára àpò lọ, ìnáwó rẹ̀ sì kọjá ohun tí Lọ́ńdọ́ọ̀nù fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà dé gbangba, ó sì fipò sílẹ̀ ní 1857. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Accra fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà sídìí iṣẹ́ ọgbà. Ní 1873, nígbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù ní Anomabu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì rì bọmi níbẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1890 ló kú ní Accra.

Ẹ̀yin alàgbà ìjọ wa, ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́. Tí àwọn ọ̀dọ́ bá dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀, ẹ má fi ìbínú tú u ká. Ẹ fún wọn ní olórí tó ṣeé fọkàn tán. Èkejì, ẹ máa kọ ìṣirò owó sílẹ̀, kí iṣẹ́ rere má baà di ìtìjú. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.