Àjàyí Crowther: Bí Ó Ti Kọ́ Láti Ka Gẹ̀ẹ́sì Àti Láti Kọ Ọ́

Bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, Bíbélì Yorùbá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn, lẹ́yìn náà oyè bíṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ, nítorí òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀. Ìhà mìíràn ni àwa fẹ́ gbà wò ó lọ́dún yìí. A fẹ́ sọ bí ọmọdé kan tí a ti tà lẹ́rú, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ti ṣe di ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gbà fún.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó fà á. Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń dé kíláàsì tí ó kẹ́yìn láìlè ka ojú ewé kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà onílà mẹ́wàá sì di ẹrù tí wọn kò lè gbé. Ọmọ tí kò bá yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ìdánwò WAEC, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni yóò dúró sí, bí ó tilẹ̀ mọ ìṣirò ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn òbí a sì máa sọ pé ọmọ tí a kò bá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí láti kékeré nínú ilé kò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ìtàn Àjàyí dáhùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí i ní Ọ̀ṣoògùn, ìlú kan ní ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn. Àmútọ̀runwá ni orúkọ rẹ̀: ìdojúbolẹ̀ ni ó wá sáyé. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìwé ní ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò tí ì fi lẹ́tà òyìnbó kọ ìwé kankan ní èdè Yorùbá fún ọmọdé láti kà. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. A fi í pààrọ̀ ẹṣin, ẹni tí ó gbà á dá a padà nítorí pé ẹṣin náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, a sì tún tà á fún ẹlòmíràn. Báyìí ni ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Nínú ọkọ̀ tí a kó o sí, ẹrú mẹ́tàdínláàádọ́wàá ni ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ yìí lójú òkun, ó sì gbà wọ́n sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàró.

A mú un lọ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Bathurst, a sì fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa dúró díẹ̀ kí wọ́n wò. Ìtàn sọ pé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bí wọ́n ti tú ká ni ó sáré lọ bá ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kan nínú ìlú, ó sì tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àkàrà ni ó fẹ́ fi rà. Páálí tí a tẹ A B C sí ni ó fẹ́ rà, kí ó lè jẹ́ tirẹ̀, kí ó lè máa wò ó nígbà tí olùkọ́ kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni nígbà náà, ọjọ́ orí tí àwọn mìíràn ti ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama lóde òní. Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ kí ó tó dé ibẹ̀ kò ju èyí tí àwọn atukọ̀ ń fọ̀ sí ara wọn fún nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ tí ó lò nínú ọkọ̀ ogun.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan yóò sọ pé orí pípé ni. Orí rẹ̀ pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, kò sí ọjọ́ kan tí kò kàwé, nítorí páálí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì sì ni pé kò pẹ́ tí a fi sọ ọ́ di mọ́nítọ̀. Ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, olùkọ́ kan lè ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà àwọn tí ó ti mọ ẹ̀kọ́ ni a máa ń fi ṣe olórí àwọn tí kò tí ì mọ̀ ọ́n. Kọ́bọ̀ méje àbọ̀ ni wọ́n ń san fún Àjàyí lóṣù fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan fún ọmọ mẹ́wàá kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ fi èyí wé àṣà àkọ́sórí tí ó gbòde báyìí, tí ọmọ ń ka àròkọ ẹlẹ́ni sórí lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò, tí akọ̀wé ìdánwò bá sì yí orí ọ̀rọ̀ padà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a fò lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a mú un lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo oṣù díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí ó wà ní Islington. Nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Sàró ní ọdún 1827 láti máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, orúkọ tirẹ̀ ni ó ṣáájú nínú ìwé. Lẹ́yìn èyí ó di tíṣà. Àsánò tí ó fẹ́, ẹni tí a sọ ní Susan, tíṣà ni òun náà, a sì ti gba òun náà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àwọn méjèèjì kọ́ àwọn ọmọ ní ABC ní abúlé àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, kí a tó tún pe Crowther padà sí Fourah Bay láti máa ṣe olùkọ́ níbẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1837, àwọn ọ̀gá C.M.S. fẹ́ mọ bí ó ti ṣe di ẹrú, ó sì kọ lẹ́tà kan sí akọ̀wé wọn, Àlùfáà William Jowett. Lójú tiwa, lẹ́tà yìí ju ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń fi kọ́ àròkọ lọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ó ti mọ ABC. Kò fi ọ̀rọ̀ ńláńlá ṣe fọ́rífọ́rí. Ó sọ pé àárọ̀ tí ogun dé jẹ́ àárọ̀ tí ó dára, pé wọ́n ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́, pé ó tó agogo mẹ́sàn-án. Ó sọ bí àwọn obìnrin ti ń sáré pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ọmọ lọ́wọ́, àti bí igbó ẹlẹ́gùn-ún ti ń fa ẹrù tí wọ́n rù títí wọ́n fi ń ṣubú. Ó sọ bí bàbá òun ti wá kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n sá, tí wọn kò sì fojú kàn án mọ́. Nígbà tí ó kan ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó ròyìn bí àwọn ọmọdé náà ti rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́ àti ọta àgbá tí a tò jọ, tí wọ́n sì rò pé ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó kọ, ní ẹsẹẹsẹ bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọjọ́ ọjà ìlú wa ti mọ àròkọ kọ. A tẹ lẹ́tà náà mọ́ ìwé ìrìn-àjò odò Ọya tí ó jáde ní ọdún 1842.

Nǹkan kan wà nínú lẹ́tà náà tí ń ṣeni ní kàyéfì. Nígbà tí ó fẹ́ kọ orúkọ ìlú tí a gbé bí i, Ocho-gu ni ó kọ; Ìṣẹ́yìn sì di Isehi. Ọkùnrin tí ó lè kọ gbogbo ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì kò rí lẹ́tà tí yóò fi kọ Ọ̀ṣoògùn, nítorí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ, kò sì ní ṣ. A gbà pé irú ìṣòro yìí wà lára ohun tí ó mú un bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, apá kan láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, apá kejì láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú òfin gírámà níwájú. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó mọ Yorùbá nìkan ti ní àkàbà tí yóò gùn dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Kò ju ọ̀kan nù kí ó tó mú èkejì, bí àwọn kan ti ń ṣe fún ọmọ wọn lónìí, tí wọ́n ní kí ọmọ má sọ Yorùbá mọ́ kí Gẹ̀ẹ́sì má bàa bàjẹ́.

Ọdún 1843 yìí kan náà ni a fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó di àlùfáà, ó ṣe ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Scholefield, olùkọ́ èdè Gíríìkì ní Cambridge, ka ìdáhùn rẹ̀ lórí ìwé Paley, ìwé tí kò rọrùn fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó tọrọ àyè láti mú ìdáhùn náà lọ sí Cambridge, kí ó kà á fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò lè to ọ̀rọ̀ pọ̀ kí ó sì fa òótọ́ yọ nínú rẹ̀. Ẹ rí i bí nǹkan ti rí: bébà ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fi dá ẹjọ́ gbogbo ìran wa láre.

Ní ọdún 1846 ni ó dé Abẹ́òkúta, tí ó sì tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà kò mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní 1848 ó wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ rì bọmi níbẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ọmọ rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kò parí títí di 1884.

Ní ọdún 1859, ọkọ ọmọ rẹ̀ Abigail, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ṣí C.M.S. Grammar School ní Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí nìyí, ọmọ mẹ́fà ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Kápútènì James Davies, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, ni ó fi £50 sílẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. A mẹ́nu ba owó yìí nítorí àwọn ọmọ ìlú wa tí wọ́n wà ní òkè òkun: páálí ààbọ̀ kọ́bọ̀ ni ó ṣí ojú Crowther, £50 ìwé sì ni ó gbé ilé ẹ̀kọ́ kan dìde. Àpótí ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama wa ṣófo ju èyí tí ó yẹ lọ.

Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, Yunifásítì Oxford sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún náà. Iṣẹ́ rẹ̀ lójú odò Ọya kò ní ìsinmi, òpin rẹ̀ kò sì dùn: ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó kan gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àìsàn dá a wó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ilé ẹ̀kọ́ tí àna rẹ̀ dá sílẹ̀ ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Ó ṣì wà títí di òní, ní Bàrígà.