Awólọ́wọ̀ Kí Wọ́n Tó Di Lọ́yà: Ọdún Méjì Tí Bàbá Fi Kàwé Òfin ní London

Bí wọ́n bá dárúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbi ìpàdé ọmọ Yorùbá, yálà ní Kano ni o, ní Jos ni o, tàbí ní Port Harcourt, ohun mẹ́ta lọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, àti fìlà Awo. Kò burú. Àmọ́ apá kan wà nínú ìgbésí ayé wọn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kan àwa tá a filé sílẹ̀ wá jẹun nílẹ̀ onílẹ̀. Apá ọ̀hún ni ọdún méjì tí wọ́n fi kàwé òfin ní London. Ẹni ọdún 35 ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n ti níyàwó, wọ́n ti bímọ, ojú wọn sì ti rí màbo lọ́wọ́ gbèsè.

Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ ni wọ́n bí wọn sí, lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, ó sì tún máa ń la pákó. Ọdún 1920 ni bàbá náà kú, ọmọ ọdún 11 ni Ọbáfẹ́mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé kíkà ti di ohun tí wọ́n ń fi òógùn ojú rà. L'Ábẹ́òkúta, wọ́n pọnmi, wọ́n ṣẹ́gi, wọ́n ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé kí owó iléèwé lè jáde. Lọ́dún 1927 wọ́n wọ Wesley College n'Íbàdàn, àmọ́ wọn ò parí ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Wọ́n ṣe tíṣà, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ taipiráítà, wọ́n ṣe akọ̀wé, wọ́n sì tún ṣe oníròyìn fún Daily Times.

Nígbà tó yá, òwò ló kù. Wọ́n ń ra kòkó, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó ẹrù. Ọjà ya lẹ́nu kété, owó dé, àwọn èèyàn sì ń rò pé ó ti bọ́ sí i. Ọdún 1937 ni wọ́n gbé Hannah Ìdòwú Dídéolú níyàwó. Kò pẹ́ sígbà náà ni òwò kòkó dojú dé, gbèsè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ tó ń gbé n'Íbàdàn ni wọ́n. Àwa tá a wà lẹ́yìn odi mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọjà èèyàn wó sílùú tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹni tó ń kí ẹ tẹ́lẹ̀ á wá máa wo ẹ̀gbẹ́ kan kọjá.

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n yàn láti wá owó tí wọ́n máa fi lọ kàwé òfin. Ní 1939 wọ́n kọ lẹ́tà sí ọlọ́wọ́ kan n'Íbàdàn pé kó yá àwọn ní 1,400 pọ́n-ùn. Wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe, bí wọ́n ṣe máa san án padà, àti ibi tí wọ́n fẹ́ débẹ̀ nílé ayé. Owó yẹn ò jáde. Ẹlòmíì á ní Ọlọ́run ò fẹ́ ni.

Awólọ́wọ̀ ò jókòó sunkún. Wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ gba oyè tí èèyàn lè gbà láìkúrò nílé. Yunifásítì London máa ń gba àwọn tó bá ń kàwé láti ọ̀nà jíjìn láyè láti ṣe ìdánwò rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣòwò ni wọ́n kà bẹ́ẹ̀. Lójú mọmọ wọ́n ń wá oúnjẹ òòjọ́, wọ́n ń ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, wọ́n ń bá Nigerian Youth Movement ṣe. Lóru wọ́n ń kàwé. Ọdún 1944 ni wọ́n gba dìgírì náà. Lọ́dún kan náà ni wọ́n wọkọ̀ lọ sí London.

Kí ló dé tó fi jẹ́ London? Torí pé lásìkò yẹn, kò sí iléèwé kankan ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ìmọ̀ òfin. Ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà, àfi kó la òkun kọjá. Bí Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó jẹ́ lọ́yà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣe ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó pè é sí iṣẹ́ lọ́yà lọ́dún 1879. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀, tí kò sì lówó tí yóò máa jẹ níbẹ̀, kí ó gbàgbé ẹ̀.

Ohun méjì ni wọ́n ń lé pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ni dìgírì LL.B. ti yunifásítì, ìyẹn ìwé kíkà pọ́nńbélé: òfin àdéhùn, òfin ilẹ̀, òfin ìjọba, títí dórí òfin àwọn ará Róòmù àtijọ́. Èkejì ni kí wọ́n gbà wọ́n wọlé sẹ́gbẹ́ àwọn lọ́yà. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wà fún ìyẹn ní London, ti Inner Temple ni Awólọ́wọ̀ wọ̀. Yàtọ̀ sí ìdánwò, ẹni tó bá fẹ́ jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá jókòó jẹun alẹ́ nínú gbọ̀ngán wọn ní iye ìgbà tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn oúnjẹ: ẹni tí kò bá jẹun níbẹ̀ tó, kò lè di lọ́yà!

Bẹ́ẹ̀ ogun Hítílà ò tíì parí. Àwọn ará Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London lọ́dún 1944 yẹn. Káàdì ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ, ìwọ̀nba sì ni. Òtútù ò ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Nílé, ìyàwó wọn ló dúró ti àwọn ọmọ kéékèèké. Màmá HID, bá a ṣe wá mọ̀ wọ́n lẹ́yìn náà, bọ́ sọ́jà, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, ilé ò sì dàrú. Ká sòótọ́, èèyàn méjì ló kàwé òfin yẹn. Ọ̀kan wà ní London, èkejì wà nídìí ọjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan ẹgbẹ́ wa rèé. Lọ́dún 1945, nígbà tí ìwé ṣì wà lọ́wọ́, Awólọ́wọ̀ àtàwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní London níbẹ̀. Dókítà Oní Akérélé wà níbẹ̀, Akíntọ́lá Williams tó kọ́ ìṣirò owó wà níbẹ̀. Nílé, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ti wá, oníkálukú ló sì ń gbé ìlú tiẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn odi ni wọ́n ti rí i pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Oṣù Kẹfà ọdún 1948 ni wọ́n ṣí ẹgbẹ́ náà nílé, n'Ílé-Ifẹ̀, Sir Adéyẹmọ Alákijà ni ààrẹ, Awólọ́wọ̀ ni akọ̀wé àgbà. Nítorí náà, bá a bá ń ṣèpàdé oṣooṣù wa ní Sabon Gari tàbí ní Calabar, tí owó ìdásílẹ̀ ń ni wá lára, ká rántí pé àwọn tó dá ẹgbẹ́ ńlá yẹn sílẹ̀ náà, àtìpó ni wọ́n nígbà yẹn.

Nínú ọdún méjì ọ̀hún kan náà ni Awólọ́wọ̀ tún kọ ìwé kan nípa bí Nàìjíríà ṣe máa gba òmìnira. Ọdún 1947 ni ìwé náà jáde. Ní 1946 wọ́n gba LL.B., nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n pè wọ́n sí iṣẹ́ lọ́yà. Wọ́n padà sí Ìbàdàn, ìlú tí gbèsè ti dójú tì wọ́n, àwọn àti Abíọ́dún Akérélé sì jọ ṣí ọ́fíìsì. Ibi tí ìyókù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ìwé ìròyìn Tribune ní 1949, ẹgbẹ́ Action Group ní 1951, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òfin tí wọ́n kọ́ wúlò fún wọn jù ò dùn rárá. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fẹ́ fipá gbàjọba. Wọ́n gba lọ́yà kan láti Gẹ̀ẹ́sì, Gratiaen lorúkọ ẹ̀, ìjọba ò jẹ́ kó wọ Nàìjíríà. Wọ́n pẹjọ́ lórí ìyẹn, wọn ò jàre. Bàbá bá dìde, wọ́n ń gbẹjọ́ ara wọn rò. Orí ẹjọ́ yẹn ni wọ́n wà ní oṣù Keje ọdún 1963 nígbà tí Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn tí òun náà kàwé òfin, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún wọn. Ẹ̀wọ̀n Calabar ni wọ́n wà títí tí ìjọba Gowon fi dá wọn sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1966. Òfin tí wọ́n kọ́ ò yọ wọ́n nínú ẹ̀wọ̀n o, àmọ́ ó jẹ́ kí wọ́n lè fẹnu ara wọn sọ tẹnu wọn níwájú adájọ́.

Ọdún 1962 kan náà, tí wàhálà wọn bẹ̀rẹ̀, ni Yunifásítì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀ka ìmọ̀ òfin sì wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọmọ àgbẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ ò nílò 1,400 pọ́n-ùn kó tó lè kàwé òfin. Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ọdún 1987 ni Awólọ́wọ̀ kú. Orúkọ wọn ni yunifásítì náà ń jẹ́ lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó wà lókè ọya tàbí ní ìhà gúúsù ló ti pa ìwé tì, torí owó tàbí torí ọjọ́ orí. Bí ọ̀kan bá wá bá yín nípàdé pé òun fẹ́ padà sídìí ìwé, tó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ̀wé yáwó ní 1939, tí wọn ò yá a, ẹ kúkú rí ibi tó dé.