Mike Hailwood: ọ̀gá alùpùpù tí títì ará ìlú pa

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun alùpùpù ńlá ní Mowe àti Ibafo máa ń sọ ọ́ létí mi pé, bí àwọn bá lè rí pápá ìdíje sáré lórí ẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, bí wọ́n ṣe ń ṣe lókè òkun, ọwọ́ àwọn á já fáfá, títì ò ní lè fi nǹkan kan ṣe àwọn mọ́. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ti ọwọ́. Ti títì yẹn ló kù, ìtàn Mike Hailwood ni mo sì máa ń sọ fún wọn.

Ọdún 1940 ni wọ́n bí i ní Oxfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ń ta alùpùpù, ó lówó dáadáa, kò sì ṣahun sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje lọ́dún 1957. Lọ́dún 1961 ó di ọ̀gá àgbáyé. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gba oyè yẹn lápapọ̀. Ní Isle of Man, lójú títì ará ìlú tí wọ́n ń dí fún ìdíje, tó gùn tó nǹkan bí 60 kìlómítà, láàárín ògiri àti òpó iná, ìgbà 14 ló borí. Ibẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ eléré ìje o.

Ó tún díje mọ́tò. Lọ́dún 1973, ní Kyalami ní South Africa, mọ́tò Clay Regazzoni gbiná. Hailwood wọnú iná yẹn, aṣọ ọrùn ẹ̀ gan-an gbiná, wọ́n pa á, ló bá tún padà lọ fa ọkùnrin náà jáde. Lọ́dún 1974 ẹsẹ̀ rẹ̀ fara pa gidi ní Jámánì. Síbẹ̀ lọ́dún 1978, lẹ́yìn ọdún 11 tó ti kúrò ní Isle of Man, ó padà wá borí níbẹ̀ lórí Ducati. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó kọjá níwájú Redemption Camp.

Ní March 21, 1981, ó gbé Michelle àti David ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò, wọ́n fẹ́ lọ ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún. Ọkọ̀ ẹrù kan ṣẹ́rí gba àlàfo àárín títì, níbi tí òfin ò ti gbà á láyè. Michelle, ọmọ ọdún 9, kú lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. David yè é. £100 ni wọ́n bu ìtanràn fún awakọ̀ náà. Mo kàwé òfin, mi ò tíì rí àlàyé tó lè jẹ́ kí iye yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Pápá máa ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì láìṣubú, àti bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ ṣíwájú alùpùpù nínú kọ́nà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n apá ibì kan náà ni gbogbo èèyàn ń kọjú sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́rí. Alẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù níwájú Camp ńkọ́, tí dánfó ń dúró lójijì, tí tírélà ń wá ibi tí yóò yà sí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ún, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ kọ́ láti máa wo táyà iwájú ọkọ̀ ńlá, torí táyà máa ń yí kí iná tó ṣẹ́jú, bó bá tiẹ̀ ní iná. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó ná owó pápá.