Chari Maigumeri

Chari Maigumeri jẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Nàìjíríà, ọmọ ẹ̀yà Kànúrí láti ilẹ̀ Borno. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè méjì tí wọ́n bá ara wọn jagun. Jámánì fún un ní Iron Cross nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní Military Medal nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó wà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1917 títí di ọdún 1953. Ó dé ipò Regimental Sergeant Major, èyí tí í ṣe òpin àkàbà fún ológun tí kò ní ìwé àṣẹ ọba tí ń sọ ènìyàn di ọ̀gá.

Orúkọ àti ilẹ̀ ìbí

Magumeri ni orúkọ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Borno. Àwọn akọ̀wé ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà a máa fi orúkọ ìlú tàbí ẹ̀yà ọmọ ogun kan ṣe orúkọ ìkejì fún un nínú ìwé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Belo Akure, akọni mìíràn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ní Ogun Àgbáyé Kìíní, ṣe ń jẹ́ orúkọ ìlú Àkúrẹ́, tí Alhaji Grunshi ti Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, sì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà Gurunsi.

Ní àkókò tí Maigumeri dàgbà, ilẹ̀ Borno kò sí lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Rabih, ajagun tí ó gba Borno lọ́wọ́ àwọn ọba rẹ̀, ní ọdún 1900, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Faransé pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Dikwa bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, ó sì di apá kan Kamẹrúùnù. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà ní ọdún 1889. Kétu bọ́ sí ìhà Faransé, Ìmẹ̀kọ, Ìlaròó àti Ayétòrò sì bọ́ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ẹbí kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ààlà náà yà sọ́tọ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn Kànúrí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ológun lè rí i lọ́dọ̀ Jámánì láìjìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Lọ́dọ̀ Jámánì

Maigumeri ti di ọmọ ogun Jámánì ní Kamẹrúùnù kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Ará Jámánì ni gbogbo ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, ṣùgbọ́n ọmọ Áfríkà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń yìnbọn. Ìhà kejì náà kò yàtọ̀: àwọn ọmọ Nàìjíríà ni Gẹ̀ẹ́sì kó wọ Kamẹrúùnù. Nípa báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dojú ìbọn kọ ara wọn jẹ́ ará àdúgbò kan náà, tí èdè wọn sì yé ara wọn.

Ogun náà kò rọrùn fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn Jámánì lé wọn padà ní Garua, wọn kò sì rí ìlú náà gbà títí di oṣù kẹfà ọdún 1915. Ní orí òkè Mora, àwọn ọmọ ogun Jámánì dúró títí di oṣù kejì ọdún 1916, nígbà tí ogun ti parí ní apá yòókù Kamẹrúùnù. Nínú ogun yìí ni Maigumeri ti fi akíkanjú hàn, tí Jámánì sì fi Iron Cross dá a lọ́lá. Ọba Prussia ni ó dá àmì-ẹ̀yẹ náà sílẹ̀ ní ọdún 1813, wọ́n sì mú un padà ní ọdún 1914. Ọ̀gá àti ọmọ ogun lásán ni ó tọ́ sí.

Lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Maigumeri ní ìgbèkùn. Ní ọdún 1917 ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, tí í ṣe ẹ̀ka kan nínú West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ológun tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Àwọn tí ó bá jà ní àná ni ó di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gòkè láti ipò kan dé òmíràn títí ó fi di Regimental Sergeant Major, ẹni tí ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìtò àwọn ọmọ ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kọ́kọ́ bá Ítálì jà ní Sòmálíà àti Ethiópíà. Wọ́n wọ Mogadishu ní oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n sì rin ọ̀nà tí ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan lọ kí wọ́n tó dé Harar ní oṣù kẹta. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà kọjá sí Éṣíà láti bá Jàpáánì jà ní Burma, nínú igbó àti ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ kò lè gbà, tí wọ́n ń fi orí ru ẹrù ogun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì yìí ni Maigumeri gba Military Medal. Gẹ̀ẹ́sì tún fi British Empire Medal dá a lọ́lá.

Àmì-ẹ̀yẹ àti ipò

Gẹ̀ẹ́sì dá Military Medal sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1916 fún àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá ṣe irú akíkanjú kan náà, Military Cross ni wọ́n ń fún un. Àmì tí ó wà ní àyà ènìyàn ń sọ ìgboyà rẹ̀, ó sì ń sọ ibi tí ipò rẹ̀ mọ. Fún ọmọ Áfríkà, ibi náà kò ga. Ọdún 1942 ni Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, di ọmọ Áfríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé àṣẹ ọba nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Johnson Aguiyi-Ironsi, tí ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbà á, gbà á ní ọdún 1949. Ní ìgbà yẹn, Maigumeri ti lo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá tí ó ń kí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ológun ni wọn kò sì tíì bí nígbà tí ó ń jagun ní Kamẹrúùnù.

Ìfẹ̀yìntì àti ìrántí

Maigumeri fẹ̀yìn tì ní ọdún 1953, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó ń lọ ni wọ́n fún un ní oyè Captain. Oyè ọlá lásán ni; kò sí ọmọ ogun tí yóò fi darí.

Gẹ̀ẹ́sì pa Military Medal rẹ́ ní ọdún 1993, Military Cross sì di ti gbogbo ológun, ọ̀gá àti ọmọ ogun lásán. Ní Nàìjíríà, orúkọ Chari Maigumeri ni wọ́n fi sọ bárékè ológun tí ó wà ní Lọ́kọ́jà. Níbẹ̀ ni ibi ìtọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà.