Gichin Funakoshi: Olùkọ́ tí ó Fi Kàrátè Sínú Ìwé

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tí ó ti lọ, ó dá wa lójú pé bíṣọ́ọ̀bù tàbí míṣọ́nárì ni wọ́n ń retí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì wá. Tíṣà ilé-ìwé ni a mú wá, ọmọ erékùṣù Okinawa ní ìhà gúúsù Jàpáánì. Àwọn tí ó gbé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní Ìkòròdú ní nǹkan bí ọdún 1975 yóò mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà náà, sinimá Bruce Lee ti gba orí gbogbo ọmọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì fún un ní ìwé kàrátè kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwòrán kún inú rẹ̀. Ìwé náà ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, a sì ń fi tọ́ọ̀ṣì kà á lẹ́yìn agogo ìsùn. Ohun tí a bá rí nínú àwòrán ni a ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwòrán kò fi hàn wá bí ẹsẹ̀ ṣe ń kúrò ní ipò kìíní kí ó tó dé ipò kejì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan nínú wa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja, máa ń sọ pé ẹni tí ó bá fi àwòrán kọ́ bí a ṣe ń ju àwọ̀n, inú ọ̀sà ni yóò bá ara rẹ̀. A fi í ṣe ẹ̀rín. Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ ọ̀kan nínú wa fi yẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣe ohun tí ó wò nínú ìwé, ẹ̀rín sì tán. Ìgbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, tí ìtàn ẹni tí ó kọ ìwé náà bọ́ sí wa lọ́wọ́, ni a tó mọ̀ pé òun gan-an kò fi ìwé kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1868 ni a bí Gichin Funakoshi ní ìlú Shuri. Oṣù rẹ̀ kò pé tí a fi bí i, ara rẹ̀ kò sì le, àwọn ẹbí rẹ̀ kò rò pé yóò pẹ́ láyé. Ilé àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni ó dàgbà sí, bàbá àgbà rẹ̀ sì fi ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n Ṣáínà ìgbàanì kọ́ ọ. Kì í ṣe Onígbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ Kọnfúṣíọ̀sì ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ní ilé-ìwé, ó bá ọmọ Anko Azato ṣe ọ̀rẹ́, Azato yìí sì jẹ́ ọ̀gá nínú kàrátè. Báyìí ni ọmọ aláìlera náà ṣe rí ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Ohun ìkọ̀kọ̀ ni kàrátè ní Okinawa ìgbà náà. A kì í kọ́ ọ ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ìwé tí a lè ṣí wò. Òru ni Funakoshi ń lọ, pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Bí ó bá dé àgbàlá Azato, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àtòpọ̀ ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kata ni yóò máa ṣe, láti òru dé òru, láti oṣù dé oṣù, olùkọ́ yóò sì jókòó tì í, yóò máa wò ó. Bí kò bá tíì tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn, kò sí ohun tuntun. Anko Itosu, ọ̀gá kejì, náà kọ́ ọ. Kata mẹ́ta péré gba ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ti àwa tí a fi ọdún mẹ́ta kọ́ èdè Gíríìkì tí a sì ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé.

Ara rẹ̀ le sí i. Ó fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n àwọn tí a bí láti ọdún 1870 nìkan ni wọ́n ń gbà fún ìdánwò náà, ni ó bá yí ọdún ìbí rẹ̀ padà. A kò ní bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ó bá sì mọ ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kò ní kọ́kọ́ sọ òkúta lù ú. Ó yege, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í gba ẹni tí ó dá òṣù irun sórí bí àwọn baba wọn ti ń ṣe, ẹbí rẹ̀ kò sì gbà kí a gé e. Ó fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀. Nígbà tí ó di tíṣà ní ọdún 1888, ó gé òṣù náà, ilé sì gbóná. Ó ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọdún 1922 ni wọ́n rán an lọ sí Tokyo láti fi kàrátè hàn níbi àfihàn eré ìdárayá tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe. Ohun tí ó gbé dání wú wa lórí gan-an: ó to àwòrán kata sórí ìwé gígùn kíká mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí tíṣà ti ń gbé àwòrán kọ́ sára ògiri kíláàsì. Jigoro Kano, olùdásílẹ̀ júdò, pè é kí ó wá fi iṣẹ́ náà han àwọn ọmọ rẹ̀. Ayàwòrán kan, Hoan Kosugi, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró máa kọ́ òun, ó sì rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ ìwé. Ó dúró. Ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń gbálẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń tún ọgbà ṣe ní ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Okinawa, kí ó lè rí ibi sùn. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé, kò fẹ́ fi ibojì àwọn baba sílẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1922 kan náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo, iná sì tẹ̀lé e. Àwo tí wọ́n fi ń tẹ ìwé náà bá a lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní ọdún 1925 òmíràn jáde, nínú èyí tí fọ́tò òun fúnra rẹ̀ ti rọ́pò àwòrán ọwọ́. Ìwé ńlá rẹ̀, Karate-do Kyohan, jáde ní ọdún 1935. Nínú rẹ̀, ó to kata ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ó fi ibi tí ẹsẹ̀ yóò kọjú sí hàn, ó sì ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wà fún. Ó tún yí bí a ṣe ń kọ orúkọ iṣẹ́ náà padà, kúrò ní ọwọ́ Ṣáínà sí ọwọ́ òfo, inú sì bí àwọn kan nílé. Síbẹ̀, kò torí pé ìwé wà kí ó dẹ́kun kíkọ́ni. Lójú tiwa, ẹni tí ó ti gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu olùkọ́, tí ó délé tí ó gbàgbé ibi tí apá òsì wà, ni ó kọ ìwé náà fún. Àwa ọmọ Ìkòròdú ni a fẹ́ kí ìwé ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ogun dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti dáwó kọ́ gbọ̀ngàn kan fún un, wọ́n sì pè é ní Shotokan, láti inú orúkọ tí ó ń fi kọ ewì. Bọ́ǹbù wó o ní ọdún 1945. Gigo ọmọ rẹ̀, tí ó ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, kú ní ọdún náà. Ìyàwó rẹ̀ sì kú ní ọdún 1947. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ́ kò ti ojú ogun dé. Ìwọ̀nba àwọn tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n tún kó ara wọn jọ, ìwé sì wà fún wọn láti fi yẹ ara wọn wò. Ní ọdún 1949 wọ́n dá ẹgbẹ́ kàrátè Jàpáánì sílẹ̀, bàbá arúgbó náà sì jẹ́ ọ̀gá wọn. Ó sùn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1957, ní ẹni ọdún 88. Àtúnṣe Kyohan tí ó ṣe kẹ́yìn jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1973.

Ìtumọ̀ yẹn ni ó dé ilé àwọn ọmọkùnrin wa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó padà rí olùkọ́ ní Èkó lẹ́yìn tí a jáde, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé náà sì wà títí di òní. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. A lọ kí i ní Ẹ̀pẹ́ láìpẹ́ yìí, ó ṣí i fún wa ní ojú ewé tí ó da ọrùn ọwọ́ rú lọ́jọ́sí, ó sì fi ìka tọ́ka sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò wò.