Nain Singh: Ọkùnrin tó fi tẹ̀súbà wọn ọ̀nà Tibet

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà láyé ọjọ́un ń wá máàpù Tibet lójú méjèèjì, ṣùgbọ́n Tibet ti ti ẹnubodè mọ́ àwọn òyìnbó. Kò sí awọnlẹ̀ tó lè wọ́ ṣéènì lọ síbẹ̀ ní gbangba. Olùkọ́ kan tí wọ́n bí lọ́dún 1830 ní abúlé Milam, lórí òkè Himalaya, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán. Nain Singh Rawat ni orúkọ rẹ̀.

Lọ́dún 1863, Kápútẹ́ènì Thomas Montgomerie gbà á síṣẹ́. Ní Dehra Dun, wọ́n kọ́ ọ títí ìgbésẹ̀ rẹ̀ fi dọ́gba. Ì báà máa gun òkè, ì báà máa sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bí 2,000 ìgbésẹ̀ ló ń di máìlì kan.

Ta ni yóò wá máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò ní ṣìkà? Tẹ̀súbà ló fi ṣe é. Ọmọ 108 ni tẹ̀súbà àwọn ẹlẹ́sìn Buddha máa ń ní, ṣùgbọ́n 100 péré ló wà lára tirẹ̀. Bó bá rin 100 ìgbésẹ̀, á fa ọmọ kan. Bó bá fà á yí po, ó ti rin 10,000, ìyẹn nǹkan bíi máìlì márùn-ún. Àwọn tó ń wò ó rò pé àdúrà ló ń gbà, wọn kì í sì í yọ ẹni tó wà lẹ́nu àdúrà lẹ́nu.

Agolo idẹ tó ń yí lọ́wọ́, tó yẹ kó ní ìwé àdúrà nínú, àkọsílẹ̀ ọ̀nà ló wà níbẹ̀. Inú owó ẹyọ, irú èyí tí àwọn baba wa ń ná, ló rọ mẹ́kúrì sí. Lóru, á dà á sínú àwo, á tẹ́jú bíi díńgí, á sì fi wọn bí ìràwọ̀ ṣe ga tó, kó lè mọ ibi tó dé. Ó tún ń se omi, ó ń wọn ìgbóná rẹ̀, nítorí bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń tètè hó.

Ó wọ Lhasa ní oṣù kìíní ọdún 1866. Níbẹ̀ ló ti rí i tí wọ́n bẹ́ orí ará Ṣáínà kan tó wọ̀lú láìgba àṣẹ. Àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí méjì láti Kashmir já àṣírí tirẹ̀ náà, àmọ́ wọn kò tú u. Láti ìgbà náà ni kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, ó kúrò nílùú. Kó tó padà dé Dehra Dun lóṣù kẹwàá, ó ti fi ẹsẹ̀ wọn nǹkan bíi 1,200 máìlì, ìyẹn ìgbésẹ̀ tó tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀.

Ó tún lọ lọ́dún 1867, ó sì fi ìrìn 1874 sí 1875 parí rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, Pundit, ìyẹn ọ̀mọ̀wé, ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, kí àṣírí má baà tú. Ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Lọ́dún 2004, Íńdíà tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítáǹpù.